Bàbá Àgbà Mi àti Ajá Tó Ń Rìn Yípo

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin Bàbá àgbà, bàbá tó bí màmá mi, sí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ sétí ìjọ: ilé ìwé tó lọ, ọdún tó lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òkè Ọya, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo ń retí ibi tí wọ́n á ti sọ pé ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà ni. Wọn ò débẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti bá pàdé, mi ò tíì rí ẹni tó ń bẹ̀rù tó Bàbá àgbà. Bí mo bá fẹ́ rántí rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò bẹ̀rù olè. Kò bẹ̀rù ṣọ́jà, bẹ́ẹ̀ àsìkò ṣọ́jà ni. Oorun ọ̀sán ló ń bẹ̀rù.

Ṣógúnlé ní Èkó là ń gbé nígbà náà, èmi, màmá mi tó jẹ́ tíṣà, àti Bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá mi wà ní Àkúrẹ́ nídìí iṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé tí oòrùn ti mú mi, tí mo na ara sórí ẹní, kò ní pẹ́ tí màá fi rí òjìji lójú mi. Bàbá àgbà ti dé nìyẹn. Á fi àtàńpàkò gbé ìpéǹpéjú mi sókè.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Dúpẹ́ ni, sà."

"Mẹ́ta lọ́nà méje?"

"Mọ́kànlélógún, sà."

"Ó dáa. Máa sùn."

Màmá mi á pariwo láti ilé ìdáná: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí sinmi!" Kò yí ìṣe rẹ̀ padà. Àwọn àlejò gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe é fún àlùfáà wa nígbà kan tí oorun gbé e lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ, àlùfáà sì bínú títí dé ìta. Nígbà tí màmá mi bi í léèrè ohun tó ń wá lójú àwọn èèyàn, ó dá a lóhùn pé: "Oorun tó bá ṣeé jí èèyàn nínú ẹ̀ nìkan ni mò ń pè ní oorun."

Òkè Ọya ló ti kó ẹ̀rù yẹn bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń wádìí àìsàn ẹran ló ti ṣiṣẹ́. Fífọ ìgò ni wọ́n gbà á fún. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ mú, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tí ojú lásán kò lè rí hàn, wo ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn kòkòrò kékeré tí irù, eṣinṣin inú igbó tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀, ń gbìn sí ara ẹran. Bó bá wọ ara èèyàn, oorun ọ̀sán ló máa ń kọ́kọ́ gbé e, títí yóò fi sùn tí kò ní jí mọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ta maikirosikóòpù kan tó ti gbó fún un. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló gbé e kalẹ̀ sí, á máa fi aṣọ nù ún láràárọ̀ Sátidé.

Ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ Sátidé bẹ́ẹ̀ ló sọ ìtàn ẹṣin fún mi. Ẹṣin funfun ni, ti òyìnbó kan. Irù ta á lóko. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí òpó tí wọ́n so ó mọ́ po. Ó rìn lọ́sàn-án, ó rìn lálẹ́, títí ilẹ̀ fi jìn lábẹ́ pátákò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iwájú orí ti ògiri, ó ń tì í bí ẹni tó fẹ́ kọjá nínú rẹ̀, awọ iwájú orí rẹ̀ sì bó. Kò dún. Ó kàn ń tì í.

"Nígbà tó kú, a la orí ẹ̀," ni Bàbá àgbà wí. "Mo rò pé màá rí i pé kòkòrò ti jẹ ọpọlọ ẹ̀ ní ihò-ihò. Kò sí ihò kankan, Dúpẹ́."

"Kí ló wá pa á, sà?"

Ó gbé aṣọ tó fi ń nu maikirosikóòpù sílẹ̀. Ó ní ọpọlọ kò dà bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́. Ẹran ara lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ míì, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í lè tọ́jú nǹkan kan. Ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé báyìí ló ń lò báyìí, ó sì máa ń lo púpọ̀. Kòkòrò tí irù gbìn sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà yẹn kan náà ló ń jẹ. Nígbà tó bá sì wá ráàyè wọ inú ọpọlọ, á da ìdáná ibẹ̀ rú. Oúnjẹ lè wà, kí ọpọlọ má mọ bó ṣe máa sọ ọ́ di agbára mọ́. Ó ní kí n wo sítóòfù màmá mi: kẹrosíìnì lè kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń mu ún lẹ́nu òwú, iná á kàn máa jó rẹ̀yìn ni. Ó ní àwọn ọ̀gá òun gan-an kò tíì mọ ìdí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń fọwọ́ kan orí mi ní gbogbo ìgbà. Ohun tó fi parí ọ̀rọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: "Kì í jẹ ọpọlọ. Oúnjẹ ọpọlọ ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí o ò fi ní rí ojú egbò."

Bàbá àgbà mọ ìjà í jà. Owó epo rọ̀bì ti ń ya wọ Èkó nígbà náà. Ilé alájà ń dìde káàkiri Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, àpò sìmẹ́ńtì kún ojú ọ̀nà, ẹni tí kò ní rédíò lánàá á gbé tẹlifíṣọ̀n wálé lónìí. Ọkùnrin tí ògiri ilé rẹ̀ bá tiwa pààlà, Kọngílá là ń pè é, nítorí agbaṣẹ́ṣe tó ń la ọ̀nà fún ìjọba ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó lọ́yàyà, ohùn rẹ̀ ga. Ó ra ajá ńlá kan láti òkè òkun, ó pè é ní Méjọ̀. Ó wá ní òun máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ òun nínú igbó, kó máa ṣọ́ irinṣẹ́.

Bàbá àgbà bá a sọ̀rọ̀ lórí ògiri. "Kọngílá, ẹ má gbé ajá yẹn lọ. Irù pọ̀ létí odò tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yẹn."

Kọngílá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ajá tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá látòkè òkun! Ṣé eṣinṣin ló máa wá pa á?"

"Ajá tiwa ti ń bá a jà látọjọ́ pípẹ́," ni Bàbá àgbà wí. "Tiyín ò tíì rí i rí."

Kọngílá gbé ajá rẹ̀ lọ. Oṣù méjì gbáko, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Méjọ̀ nígbà tó padà dé. Mo gun búlọ́ọ̀kù láti wo ọgbà wọn. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ojú rẹ̀ kan ti ràn, ó dà bí omi tí wọ́n po búlúù sí. Ó ń rìn yí táǹkì omi po. Mo kà á dé ogún, kò dúró. Mo sáré wọlé lọ sọ fún Bàbá àgbà. Tíì ló ń mu. Ife náà dúró lágbedeméjì tábìlì àti ẹnu rẹ̀.

"Apá ọ̀tún ló ń yí sí ni, àbí apá òsì?"

"Ọ̀tún, sà."

"Kò yí padà rárá?"

"Rárá, sà."

Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Kọngílá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ajá náà. Kọngílá ní dókítà òun ti wò ó, oúnjẹ ló kọ̀ fún un. Bàbá àgbà padà dé, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn wa. "Láti òní lọ," ó wí, "ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Èmi kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lówùúrọ̀ Sátidé, màmá mi rán mi ní búrẹ́dì. Géètì Kọngílá ṣí sílẹ̀. Mo rí Méjọ̀ lójú títì, ó ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó dorí kodò. Mo dúró gbagidi bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò tiẹ̀ rí mi. Ó rìn títí ó fi kọlù mí lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù ba òun náà, ó sì bù mí jẹ ní ojúgun. Mi ò rántí igbe mi. Mo rántí Bàbá àgbà tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, tó wọ́ ajá yẹn lọ́rùn kúrò lára mi, tí àwọn méjèèjì sì jọ ṣubú.

Kí n tó mọ̀, àdúgbò ti pé. "Dìgbòlugi! Dìgbòlugi ni!" Ẹnì kan gbé ọmọ odó, ẹnì kan gbé pákó. Ìyá Rẹ̀mí tó ń ta èlùbọ́ gbé ọmọ tirẹ̀ sá wọlé, ó ń ké pe Jésù. Bàbá àgbà ti dìde, ó há ajá náà mọ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbé odó yẹn sílẹ̀!"

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀! Ó máa bù yín jẹ!"

"Bẹ́ ẹ bá fọ́ orí ẹ̀, ta ló máa sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi? Ọmọ mi ló bù jẹ!"

 Wọ́n sún sẹ́yìn. Ó wọ́ ajá lọ sínú ilé adìyẹ wa tó ti ṣófo, ó tì í mọ́bẹ̀. Ó gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ mi, ó ń fọ̀ ọ́, títí ìka ẹsẹ̀ mi fi hunjọ. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀jẹ̀ létí ajá, ó sì jókòó sídìí maikirosikóòpù.

Màmá mi dì mí mú. Kọngílá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. 

"Mo rí wọn," ni Bàbá àgbà wí. "Wọ́n pọ̀. Wọ́n ń jó nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́."

"Ògo ni fún Ọlọ́run!" ni màmá mi wí. "Kì í ṣe dìgbòlugi nìyẹn!"

Kọngílá dọ̀bálẹ̀ níbi tó dúró sí. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ti sọ ọ́, mi ò gbọ́."

Ọjọ́ tó yẹ kí Bàbá àgbà yọ̀ nìyẹn. Ó ti borí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà, mo rí i pé ètè rẹ̀ ti funfun.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

"Kí lẹ ò mọ̀, Bàbá? Ṣebí ẹ ní ẹ rí i!"

"Mo rí ọ̀kan. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Dìgbòlugi tó lè wà nínú itọ́ ẹ̀ kò ṣeé fi nǹkan yìí rí. Ajá kan lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ọmọ yìí dé ọsibítù."

Títí di òní, mi ò tíì rí àgbàlagbà míì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ilé ń yìn, tó sì sọ pé òun kò mọ̀.

Mọ́tò Kọngílá ló gbé gbogbo wa lọ sí ọsibítù kan láàárín ìlú. Dókítà wo ẹsẹ̀ mi, ó ní abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ni, inú ikùn ni wọ́n máa ń gún un sí, ọ̀kan lójúmọ́. Ó ní orí bá wa ṣe é, nítorí èyí tó kù lọ́wọ́ wọn kò ju ti ẹnì kan lọ, òmíràn á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá àgbà bi í bóyá wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ kíá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíá. Mo ké débi pé ohùn mi há.

Dókítà ní ká má pa ajá náà. Bó bá jẹ́ pé dìgbòlugi wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù mí jẹ, kò ní lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bó bá wà láàyè lọ́jọ́ kẹwàá, ọkàn wa lè balẹ̀. Bàbá àgbà wá gba oògùn aláwọ̀ yẹ́lò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, ó gún Méjọ̀ lábẹ́rẹ́, ó tẹ́ ẹní síwájú ilé adìyẹ, kò sì wọlé mọ́. Ibẹ̀ ló ń jẹun, ibẹ̀ ló ń sùn.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn. Ọmọ kan ní kíláàsì wa sọ fún mi pé bó bá yá, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, omi á sì máa bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dán ara mi wò. Màá mu ife omi kan, màá dúró díẹ̀, màá tún mu òmíràn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo mu ún títí mo fi bì. Bàbá àgbà rí mi láti ibi tó jókòó sí.

"Wá jókòó níbí. Mu díẹ̀díẹ̀. Omi ò ní sá lọ, Dúpẹ́. Ìwọ náà ò ní sá lọ."

Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tá a ti ibi abẹ́rẹ́ dé, Méjọ̀ kò dìde. Ó na gbọọrọ sórí ìyẹ̀pẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò gbé mì. Bàbá àgbà ń pè é láti ìta: "Méjọ̀. Méjọ̀." Etí kò mì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé tọ̀ ọ́, màmá mi ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Ó fi etí lé ìhà ajá náà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo di wáyà ilé adìyẹ mú. Mo mọ̀ pé bí ajá yẹn bá kú, èmi náà lè kú. Nígbà tó yá, Méjọ̀ gbé orí sókè, ó lá omi lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá àgbà jáde, ó tilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó sì bì sídìí ògiri. Kò mọ̀ pé mo rí òun. Nígbà tó padà, mo bi í bí Méjọ̀ ṣe rí. Ó ní: "Ó mu omi. Bí o bá bi mí ní nǹkan míì, irọ́ ni màá pa."

Ajá náà wà láàyè lọ́jọ́ kẹwàá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló tó sùn tí kò jí mọ́. Àìsàn irù náà ló pa á, nítorí oògùn yẹ́lò yẹn kò lè dé inú ọpọlọ. Kọngílá sin ín sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Àfà, ó sunkún bí ọmọdé. Bàbá àgbà bá a lọ, ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i. "Oògùn lé wọn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀," ó sọ fún un, "wọ́n wá sá wọ yàrá tí oògùn kò lè wọ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, Kọngílá sì wà lára àwọn tó gbé pósí Bàbá àgbà lọ́jọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti darúgbó.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Méjọ̀ jẹ ẹran àárọ̀ rẹ̀ tán. Bàbá àgbà ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá fún òun, òun fẹ́ wẹ̀. Mo mú ọṣẹ lọ, màmá mi gbé omi. Ó bọ́ súwẹ́tà tó ti wọ̀ láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Bókẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ màmá mi, omi sì dà sílẹ̀. Ojú eyín ajá mẹ́rin wà lápá òsì rẹ̀, lókè ìgúnpá. Ó ti jinná, ó ti dúdú.

"Bàbá, kí lèyí?"

Ó na ọwọ́ mú súwẹ́tà rẹ̀.

"Ọjọ́ tó bu Dúpẹ́ jẹ náà ni? Ọjọ́ yẹn náà ni, Bàbá?"

"Nígbà tí mò ń wọ́ ọ kúrò."

"Ọjọ́ mẹ́wàá!" Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. "Ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan!"

"Bí mo bá sọ, wàá ní kí wọ́n pín in. Abẹ́rẹ́ ẹnì kan ni wọ́n ní. Kò ṣeé pín."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín rárá ni?"

Ó wo màmá mi bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá yẹn."

Gbogbo wa la jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀ yẹn. Ó gbọ́ pé ajá ń jẹun, ó ní a lè dá abẹ́rẹ́ mi dúró.  Màmá mi kàn di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Dókítà tẹ̀ síwájú, ó wo ojú eyín náà títí, ó wo èmi, ó tún wò ó.

"Bàbá," ó wí, "kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá àgbà fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní: "Ọmọ yìí ló ṣáájú mi dé lọ́jọ́ náà, sà."

Mọ́tò kan náà la jọ wọ̀ dé lọ́jọ́ yẹn.